Abọ́ Mọ́kànlélógún

Ìyá àgbà wa kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ rósárì: ilé kan lẹ́yìn Campos, méjì ní Bamgbose, ilé Alhaja ní Òkè Pópó, ilé télọ̀ ní Tokunboh, ilé bàbá káfíńtà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Bó ṣe ń dárúkọ ilé ni ọ̀kan nínú wa á máa to abọ́ sórí tábìlì. Nígbà tó bá dákẹ́, abọ́ á ti pé mọ́kànlélógún. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò rí ọdún tó dín, n kò rí ọdún tó lé.

Ọjọ́ kejì ni Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ tí ìjọ Àgùdà fi ń ṣọ̀fọ̀ ikú Jésù. Ẹran kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 títí dé 59 gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀. Oúnjẹ àjẹyó kan ṣoṣo ni òfin ìjọ fún un láàyè. Ọjọ́ yìí kan náà ni ìkòkò ilé wa máa ń tóbi jù lọ láàárín ọdún. Ìkòkò Kérésìmesì kò tó o, ti Àjíǹde kò tó o. Ẹni tí ebi ń pa ló ń se oúnjẹ fún ilé mọ́kànlélógún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì gbààwẹ̀ kankan lọ́jọ́ náà. Láti kékeré ni èyí ti ń yà mí lẹ́nu, kò sì tíì dẹ́kun yíyà mí lẹ́nu títí di òní.

Fùréjọ̀n ni oúnjẹ náà ń jẹ́. Ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹ̀wà nìkan kò tíì mọ fùréjọ̀n. A ó sè é, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, a ó wá fi wàrà àgbọn sè é lẹ́ẹ̀kejì títí tí yóò fi máa dán, tí yóò sì ki díẹ̀ ju ẹ̀kọ mímu lọ. Ọbẹ̀ ata àti ẹja díndín ni a fi ń jẹ ẹ́. Ẹlòmíràn á fi ìgbín aláta kún un. A ó wá bu gàrí gbígbẹ lé e lórí kí ó lè máa dún lábẹ́ eyín. Feijão ni àwọn Pòtogí ń pe ẹ̀wà. Ẹnu àwọn bàbá wa ló sọ ọ́ di fùréjọ̀n.

Bí ọ̀rọ̀ Pòtogí ṣe dé inú ìkòkò wa, ogun ló gbé e dé ibẹ̀. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí Òwu ti tú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wa ni wọ́n kó gba etíkun Èkó, Àgbádárìgì àti Wídà kọjá lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, nínú oṣù Ràmàdáànì, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní Salvador dìde sí ìjọba, Nàgó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìjà náà kò ju òru kan lọ tí wọ́n fi borí wọn. Ìjọba lé àwọn kan padà sí Áfíríkà, ayé sì há mọ́ àwọn dúdú tó kù, àti ẹrú àti ẹni tó ti ra ara rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn bọ̀, ìdílé kan tẹ̀lé òmíràn, fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn mìíràn ń bọ̀ láti Cuba. Lẹ́yìn 1888 tí Brazil fòpin sí oko ẹrú, wọ́n ṣì ń dé. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, wọ́n ti tó nǹkan bí 3,000 ní Èkó. Àwọn tó padà bọ̀ yìí là ń pè ní Àgùdà, agbègbè tí wọ́n tẹ̀dó sí sì ni Pópó Àgùdà.

Wọn kò padà wá lọ́wọ́ òfo. Kọ́lékọ́lé wà nínú wọn, káfíńtà wà, aránṣọ wà, alásè wà. João Baptista da Costa tó jẹ́ ọmọ Àgùdà ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ẹni tó bá sì wo iwájú mọ́ṣáláṣí náà dáadáa á rí ọwọ́ Bahia níbẹ̀. Ẹ̀sìn wọn náà kò dúró de fádà. Kí àwọn fádà òyìnbó tó fi Èkó ṣe ibùgbé ní 1868, ọkùnrin kan tó ti ṣe ẹrú rí ní Brazil, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó àwọn Àgùdà jọ gbàdúrà. Nígbà tí Fádà Francesco Borghero dé Èkó ní 1863, inú ilé ìjọsìn àti àdúrà tó ti wà nílẹ̀ ló dé sí. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí fádà tó lè bá wọn ṣe ìsìn Ọjọ́ Ẹtì Rere. Èrò tèmi ni pé ilé ìdáná ló bá wọn pa ọjọ́ náà mọ́. Obìnrin tí kò lè ka Látìn mọ̀ pé ọjọ́ tí a kì í jẹran ti dé, ó sì mọ ohun tí yóò gbé kaná.

Ọjọ́rú ni iṣẹ́ fùréjọ̀n ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé wa. Ẹ̀wà Ìbejì ni ìyá àgbà máa ń lò, èyí dúdú kéékèèké. Àwọn ilé mìíràn ń lo ẹ̀wà pupa, a kì í bá wọn jà. A ó da ẹ̀wà sínú atẹ, a ó ṣà á títí ojú á fi máa dùn wá, nítorí òkúta kan ṣoṣo tó bá bọ́ sábẹ́ eyín àlejò, orúkọ ìdílé ló bà jẹ́. A ó rẹ ẹ́ mọ́jú. Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, a ó gbé e kaná láìfi iyọ̀ sí i, nítorí ìyá àgbà ní iyọ̀ kì í jẹ́ kí èèpo ẹ̀wà tètè rọ̀. Láti mọ̀ bóyá ó jinná, á mú ẹyọ kan, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìka ìlábẹ̀. Bí ó bá ní egungun nínú, bí ó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, a ó tún dá omi sí i.

Ọ̀rọ̀ lílọ̀ ló le jù. Ọlọ ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ nígbà èwe ìyá àgbà, òun pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á máa gbà á fún ara wọn bí apá bá ti ń ro. Nígbà tiwa, ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní ìkóríta ni a ń gbé e lọ, ọ̀fìn sì ni ẹ̀rọ ìlọta fún ẹni tó ń se fùréjọ̀n, nítorí ata ni iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. A ní láti débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé tòmátì dé. A ó bẹ ọmọ tó ń lọ ata pé kó fọ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, a ó da ẹ̀kún ọwọ́ ẹ̀wà mẹ́ta sí i kí ó gba òórùn ata jáde, a ó da ìyẹn nù, ká tó lọ tiwa. Ọdún kan wà tí a pẹ́ dé. Ó lọ̀ ọ́, a gbé e délé, a fi àgbọn sè é. Ìgbà tí a tọ́ ọ wò, ó ta ni lẹ́nu. Ìyá àgbà kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìkòkò náà sọ̀ kalẹ̀, ó pín in fún àwọn bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé kejì, ó wá ní ká lọ ra ẹ̀wà mìíràn. Aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. A kò sùn lóru ọjọ́ náà.

Àgbọn ni iṣẹ́ àwa ọmọdé. Àgbọn Àgbádárìgì ni, mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. A ó fọ́ wọn lórí àkàbà, a ó mu omi inú rẹ̀, ìyẹn ni owó iṣẹ́ wa. A ó fi ọ̀bẹ yọ ẹran rẹ̀ kúrò lára igbá, a ó bó awọ pupa ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó má sọ fùréjọ̀n di kíkorò, a ó wá rin ín. Ẹni tó bá ti rin àgbọn mẹ́wàá rí mọ ohun tí ó ń ṣe orí ìka. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni a ó dà sí i, a ó fún un nínú aṣọ funfun. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde á ki bí wàrà màlúù, abọ́ tirẹ̀ sì yàtọ̀, a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tí a bá fún lẹ́ẹ̀kejì ni a fi ń se ẹ̀wà lílọ̀ náà, pẹ̀lú kànáfùrù tí a dì sínú aṣọ kékeré. Tí ó bá ti sè, tó ti ń ta bí ẹrẹ̀ gbígbóná, tó ń jó ẹni lápá, a ó dín iná kù, a ó wá da wàrà àkọ́fún sí i díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá pọ̀ jù ní àsìkò yìí, òróró á yà sọ́tọ̀, kò sì sí àtúnṣe.

Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé wa gbọ́dọ̀ rò ó. Òfin ni. Bí olóyè bá wá kí bàbá mi, orógùn ni wọ́n á kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́. Ọmọ ọwọ́, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ igi orógùn, wọ́n á bá a yí i lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti rí àwọn àna méjì tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún kan, tí wọ́n dúró sídìí ìkòkò kan náà, tí ọ̀kan ń gba orógùn lọ́wọ́ èkejì láìwo ojú ara wọn.

Ìyá àgbà kò lè tọ́ ọ wò. Ó ń gbààwẹ̀, ó sì mú ààwẹ̀ rẹ̀ le ju bí ìjọ ṣe fi òfin lé e lọ: láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ títí tí wọn yóò fi bọ́ kúrò níbi ìsìn aago mẹ́ta ọjọ́ Ẹtì, omi lásán ni. Àwọn àgbàlagbà yòókù náà ń gbààwẹ̀. Ọmọdé ni yóò jẹ́ ahọ́n fún gbogbo ilé. Láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà títí di mẹ́tàlá, èmi ni. Wọ́n á gbé mi sórí àpótí, ìyá àgbà á fi ṣíbí onígi bù ú, á fẹ́ ẹ, á gbé e sí mi lẹ́nu, ojú rẹ̀ á sì wà lára ojú mi bí ẹni ń wo ojú ọjọ́. "Kí ló kù sí i?" Bí mo bá ní iyọ̀, iyọ̀ ni. Bí mo bá ní ó ti tó, kò sí àgbàlagbà tó gbọ́dọ̀ yí i padà. N kò rò pé ẹnikẹ́ni tún ti gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ibi tí wọn kì í ti gba ọ̀rọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ ṣúgà. Ṣúgà ti pín àwọn ìdílé Àgùdà sí méjì láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn kan á ní fùréjọ̀n tí kò dùn kò tíì jinná. Àwọn kan á ní ẹni tó bu ṣúgà sí i ti sọ ọ́ di oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ìyá àgbà kò jẹ́ kí ṣúgà dé ẹ̀bá ìkòkò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, tó gbé ní ilé kejì, ń da ṣúgà sí tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń bu fún ara wọn lọ́dọọdún, ẹnì kọ̀ọ̀kan á jẹ ti ẹnì kejì rẹ̀, á sì dákẹ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé irú iyàn yìí wà ní Bahia fúnra rẹ̀. Feijão de leite ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà níbẹ̀, ẹ̀wà oníwàrà. Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni wọ́n ń sè é, pẹ̀lú ẹja, vatapá àti ilá tí wọ́n ń pè ní caruru. Ilé kan á fi ṣúgà sí i, èkejì á kọ̀ ọ́.

Ta ló kọ́kọ́ sè é? Ibi tí mo dé nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò sí ẹni tó lè dá a ní. Àgbọn kì í ṣe igi Brazil. Àwọn Pòtogí ló gbé e láti erékùṣù Cape Verde dé Bahia ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ẹ̀wà tiwa nílẹ̀ Áfíríkà bá àwọn ẹrú dé ọ̀hún, ó bá ẹ̀wà ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbẹ̀. Ààwẹ̀ jẹ́ ti ìjọ. Ọwọ́ tó ń rò ó jẹ́ ọwọ́ obìnrin dúdú, tó ti ń lọ ẹ̀wà fún àkàrà kí ó tó rí òkun. Ní Salvador títí di òní, acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà, "jẹ" ṣì wà ní ìdí orúkọ náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ Cosme àti Damião tí wọ́n fi ṣe ọjọ́ Ìbejì, ìdílé tó bá jẹ ẹ̀jẹ́ á se caruru rẹpẹtẹ, wọ́n á pe ọmọdé méje wá. Àwọn ọmọ náà á jókòó sílẹ̀ yí ọpọ́n kan ká, wọ́n á fọwọ́ jẹun. Títí tí wọ́n á fi jẹ tán, àgbàlagbà kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, orí àpótí tí wọ́n ń gbé mi lé ni ọkàn mi lọ.

Ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, oṣù kìíní ni àwọn Àgùdà ń ṣe ọdún Bonfim tiwọn. Wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbé eégún burinyan jáde, wọ́n á sì jẹ ẹ̀wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹran, nítorí ọdún ayọ̀ ni. Tiwa ní Èkó jẹ́ ti Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ jù.

Abọ́ ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí a bá ti rò ó tán ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn àgbà tó jáde lọ sí Ọ̀nà Àgbélébùú, a ó bù ú sínú abọ́ tánganran, ọbẹ̀ àti ẹja á wà nínú abọ́ kékeré lórí rẹ̀, gàrí nínú ọ̀rá, aṣọ funfun á bò ó. Àwa ọmọ la máa ń gbé e kiri. "Ìyá àgbà ní kí n kí yín, wọ́n ní ẹ kú ọjọ́ Jésù." Gbólóhùn náà kò yàtọ̀ ní ilé onígbàgbọ́ àti ní ilé Mùsùlùmí. Ó máa ń sọ fún wa pé ẹ̀wà tí kò bá jáde nílé kì í ṣe fùréjọ̀n, ẹ̀wà lásán ni.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn ni ìdí tó fi jẹ́ àwọn ilé wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn tí ìyá àgbà kú ni Àǹtí mi àgbà jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò, tó ń bi àwọn àgbà ìdílé léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé Alhaja: bàbá ńlá wọn àti bàbá ńlá wa jọ wọ ọkọ̀ kan náà láti Bahia ni, ọ̀kan ń kírun, èkejì ń ka rósárì, wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀ ní etí ọ̀sà Èkó, wọ́n jọ rẹ́ntì ilé kan fún ọdún méjì. Ilé télọ̀: ìyá ìyá rẹ̀ ló fún bàbá mi lọ́mú nígbà tí ìyá àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn. Ilé kan wà ní Bamgbose tí a kò rí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀, títí tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan fi rẹ́rìn-ín, tó ní obìnrin ilé náà àti ìyá àgbà jà ní ọjà Sandgrouse nígbà tí wọn kò tíì lọ́mọ, wọn kò kí ara wọn mọ́ títí ọ̀kan fi kú. Ṣùgbọ́n abọ́ ń lọ, abọ́ ń bọ̀. Ìtàn ìdílé wa tí a kò kọ sínú ìwé kankan wà lórí ètè obìnrin kan, ní orúkọ ilé mọ́kànlélógún, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Orúkọ ìdílé pàápàá kò dúró tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ Àgùdà ti bọ́ orúkọ Pòtogí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún: Plácido Assumpção di Adeyemo Alakija ní 1913, gbogbo ayé sì fi orúkọ tuntun náà mọ̀ ọ́. Èdè Pòtogí ti kú ní ẹnu wa. Àwọn ilé Àgùdà náà ń wó. Ilojo Bar tó wà ní Tinubu, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba ti kéde ní 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Mo lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bíríkì àti ekuru ló kù, àwọn ọmọ kan sì ń ṣa irin níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ilé lásán ni.

Ọdún tí ìyá àgbà kú, àwa tí ó fi sílẹ̀ ṣe ohun tó ń tì mí lójú títí di òní. Ẹ̀wà wọ́n, àgbọn wọ́n, púpọ̀ nínú wa sì ti kó lọ sí Súrùlérè àti Ìkẹjà. A ní ká dín abọ́ kù. A jókòó, a ka ilé tí a mọ̀ dáadáa, a fi àwọn tí a kò mọ̀ sílẹ̀. Mẹ́rìnlá la gbé jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bàbá káfíńtà láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni, ó wọ agbádá, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, abọ́ tánganran kan tí etí rẹ̀ ti ṣá wà lábẹ́ apá rẹ̀. A mọ abọ́ náà, tiwa ni, ti ọdún tó kọjá. Kò ráhùn. Ó kí wa, ó jókòó, ó ní, "Mo ní bóyá ara ẹnìkan kò yá nínú ilé ni mo ṣe wá wò yín." Àǹtí mi wọ ilé ìdáná lọ, kò sì jáde fún ìgbà pípẹ́. Fùréjọ̀n kò kù. Ó mu omi, ó gbàdúrà fún wa, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ fún wa lórí àga, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àǹtí ra ìwé.

Láti ìgbà náà, mọ́kànlélógún ni. Ní 2022, 2023 àti 2024, Ọjọ́ Ẹtì Rere bọ́ sínú Ràmàdáànì, ọdún mẹ́ta léra wọn. A bẹ̀rù pé kí ni a ó gbé fún ilé Mùsùlùmí ní òwúrọ̀. Ọmọ Alhaja ló fóònù wa ní 2022, kí a tó bi í: "Ẹ má gbé tiwa wá láàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ̀." Aago mẹ́fà kọjá, mo gbé abọ́ mẹ́fà wọ Òkè Pópó. Àwọn ọmọ ilé Alhaja ti jókòó sórí ẹní, dàbínù àti omi níwájú wọn, wọ́n ń retí ohùn ìpè. Èmi náà kò tíì jẹun láti ìdájí, nítorí mo ti sún oúnjẹ mi kan ṣoṣo síwájú. Bí ìpè ṣe dún, wọ́n bu tèmi sí abọ́ kékeré, wọ́n tì í sí iwájú mi. A jọ ṣínu. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìró ṣíbí nìkan ló ń dún. Abọ́ ilé yẹn kì í padà wá kí ó tó di Iléyá, ẹran àgbò ló sì máa ń wà nínú rẹ̀.

Àwọn alásè wà ní Èkó báyìí tó ń ta fùréjọ̀n nínú ike, ẹ sanwó, wọ́n á gbé e wá sílé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Peckham ní London ń fi agolo wàrà àgbọn àti bílẹ́ńdà ṣe tirẹ̀, ó ní wákàtí méjì ló ń gbà á. N kò bá a wí. Òun nìkan ló wà nínú ilé náà, kò sì sí àgbọn Àgbádárìgì ní ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí mo bi í ni ìwọ̀n abọ́ tó gbé jáde. Ó ní méjì: ọ̀kan fún obìnrin ará Jàmáíkà tó wà lókè rẹ̀, ọ̀kan fún ará Póláǹdì tó ń bá a mú lẹ́tà. Mo ní ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n sí àwa tí a wà nílé, tí ẹ̀rọ àti àgbọn wà ní ìkóríta wa, mo gbà pé rírà kò dára tó. Owó lè ra oúnjẹ náà. Àwọn àna méjì tí wọ́n ń gba orógùn lọ́wọ́ ara wọn, ọmọ tí wọ́n gbé sórí àpótí kí ó wá sọ bóyá iyọ̀ tó, ibo ni wọ́n ti ń tà wọ́n?

Bàbá káfíńtà kò sí ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó mọ́. Àwọn ọmọ onílé ta ilé, wọ́n wó o, òun sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ìkòròdú. Nínú ìwé Àǹtí, wọ́n fa igi sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, wọ́n kọ Ìkòròdú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo gbé tirẹ̀ lọ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere tó kọjá, èmi pẹ̀lú ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ahọ́n ilé wa nísinsìnyí. Ó gbé abọ́ náà lé itan láti Súrùlérè, ó di aṣọ funfun rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí mọ́tò ṣe ń fò nínú kòtò. Bàbá ti ń retí wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní ẹ kú ọjọ́ Jésù, bàbá." Ó gba abọ́, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wá fi ìka pe ọmọ mi sún mọ́ ara rẹ̀.

"Wọn ò fi ṣúgà sí i?"

Ọmọ mi ní rárá o, ilé wa kì í fi ṣúgà sí i.

Bàbá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé ìyá àgbà lè jáde láti inú yàrá nígbàkúgbà. "Lọ bá mi mú ìgò tó wà lórí tábìlì wá. Láti ìgbà tí mo ti ń gba abọ́ yìí ni mo ti ń bù ú sí i. Má sọ fún wọn nílé o."